Ìwé Owó Ìlú Ìdígbó àti Ọba Tí Kì í Sunkún

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí òjò lé wọ abẹ́ ahéré yìí. Mo ti ń gbọ́ irọ́ tí ẹ̀ ń pa fún ara yín láti àárọ̀, irọ́ náà kò sì dùn rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan fún yín tó ju gbogbo irọ́ yín lọ. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mò ń sọ̀rọ̀, ọmọ Ògúnrónbí, èmi tí ẹkùn rí lọ́nà tó sì yà fún mi kí n kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kó kọ́kọ́ jáde sínú òjò.

Nígbà tí ogun dé, tí àwọn ọmọ ogun dí gbogbo ọ̀nà tó wọ ìlú wa, Ìdígbó, ohun tó kọ́kọ́ sá fún wa kì í ṣe oúnjẹ. Owó ni. Kọ́bọ̀ àti sílè pòórá bí ẹni pé wọ́n ní ẹsẹ̀. Àwọn kan ri tiwọn mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ogun sì gba ti àwọn tó kù. Iṣu wà lóko, aṣọ wà lórí òfì, ṣùgbọ́n oníṣu kò rí owó ra aṣọ, aláṣọ kò rí owó ra iṣu. A jókòó, a ń wo ara wa.

Ìyá Ẹfúnyẹmí, àgbà aláró tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, ló bọ́ sí àárín àwọn àgbà lọ́jọ́ kan tó ní, "Owó tó lọ yẹn, ta ló ṣe é? Ṣé kì í ṣe èèyàn bíi tiwa ni? Ẹ jẹ́ kí a ṣe tiwa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Gébúrẹ́lì tó máa ń tẹ ìwé orin fún ìjọ kó gbogbo páálí tó kù nílé rẹ̀ wá. A gé e wẹ́wẹ́, a fi òǹtẹ̀ igi tẹ aró sí i lára, àwòrán igi ìdígbó kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé ìlú ló dúró fún un. Èmi náà kà á. Mo lọ sí ilé-ìwé dé kíláàsì kẹta kí n tó fi í sílẹ̀ fún tíṣà kan tó sọ pé orí mi le bí òkúta. Tíṣà náà ti kú. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Báyìí ni páálí di owó. A fi ra iṣu, a fi ra aṣọ, ọjà tún ń hó. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í hù lóko, wọn kì í sì í hun ún lórí òfì. Iyọ̀ tán pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀ rí fún oṣù dé oṣù, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọdẹ́wùmí, ọmọ mi kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ojú rẹ̀ wú tí kò fi lè là á dáadáa. Ó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọ ń sunkún, òun náà ń sunkún. Mo máa ń pa ẹran wálé, ó sì máa ń gbé e sẹ́nu, á tún tu ú. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú, kò lọ." Mo mọ̀ pé bí iyọ̀ kò bá dé, èmi ni màá gbẹ́ ilẹ̀ fún un.

Àwọn baba wa máa ń ra iyọ̀ ní Ìlú Iyọ̀, níbi tí àwọn iwin ń gbé, ní òdìkejì Igbó Àìwẹ̀yìn, ibi tí ọmọ ogun kankan kò jẹ́ wọ̀. Àwọn àgbà ní kí a rán èèyàn lọ síbẹ̀. Wọ́n ṣe ìwé owó ńlá kan, ó fẹ̀ bí ẹní ọmọdé. Gbogbo ìlú tò, olúkúlùkù ti àtàǹpàkò bọ aró, ó tẹ̀ ẹ́ sára ìwé náà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí òun máa fún ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé náà wá. Ahunṣọ ní aṣọ, àgbẹ̀ ní iṣu. Wọ́n gbé Ọdẹ́wùmí wá, ó ní, "Òwú ni mo lè ran. Màá ran òwú." Èmi ní ẹran ìgbẹ́.

Ta ni yóò gbé e lọ? Ẹ gbọ́ àṣà ìlú wa. Ní Ìdígbó, wọn kì í kó ohun ìní ìlú fún ọ̀rẹ́ méjì, nítorí wọ́n lè jọ jẹ ẹ́. Ẹni méjì tó ń bínú síra wọn ni wọ́n máa ń rán, torí pé olúkúlùkù wọn á máa ṣọ́ ìkejì rẹ̀ lójú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n sì wá ẹni méjì tó ń bínú síra wọn kiri, wọn kò rìn jìnnà. Èmi àti Fágbàmílà ni.

Ọdẹ bíi tèmi ni Fágbàmílà. Lọ́jọ́ kan, àwa méjèèjì yìnbọn lu ẹfọ̀n kan náà, ẹfọ̀n ṣubú, Fágbàmílà sì sáré wọ ìlú lọ sọ pé òun ló pa á. Ọta tèmi ló wà lọ́rùn ẹfọ̀n náà! Láti ọjọ́ yẹn, n kò kí i, kò kí mi, kò sẹ́ni tó mu omi nílé ìkejì rẹ̀.

Wọ́n gé ìwé náà sí méjì. Mo gba apá kan, ó gba apá kan. Mo wá àtàǹpàkò Ọdẹ́wùmí lára tèmi títí, n kò rí i. Apá Fágbàmílà ló bọ́ sí. Inú bí mi débi pé n kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni a wọ igbó, èmi, òun, àti Jagun ajá mi. Jagun ni a fi ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Jagun, sọ fún ẹni tó ń rìn bí aboyún lẹ́yìn wa yẹn pé kó yá ẹsẹ̀."

Fágbàmílà ní, "Jagun, sọ fún ẹni tó ni ọ́ pé bí ọ̀nà bá rú u lójú, kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọdẹ kọjá."

Ajá náà á wo èmi, á wo òun, á wá fi ìrù sábẹ́ ara rẹ̀.

Níbi tí igbó ti dí jù lọ, òkìtì ọ̀gán kan dìde níwájú wa. Mo ní ó dìde! Ó ga ju ilé alájà lọ, ó ní ojú kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, ikán sì ń wọ́ bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ bí òógùn. Oníbodè igbó náà ni. Ó tú àpò rẹ̀ dà síwájú wa. Ẹ̀yin èèyàn, ara mi bù máṣọ. Owó ni. Owó ẹyọ tí eyín rẹ̀ ti gé, owó bàbà, owó fàdákà tí orí ọba ara rẹ̀ ti parẹ́, owó páálí àwọn ìlú tí ogun ti jó. Gbogbo wọn ń ké ní ohùn tín-ín-rín bí ọmọ tuntun pé, "Gbà mí! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí!" Igbe náà wọ inú egungun mi. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó lè di òrukàn.

Òkìtì náà ní, "Èwo nínú ìwọ̀nyí ni owó? Bí ẹ bá mú un, ẹ kọjá. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ̀yin náà á wọ inú àpò."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé fàdákà kan tó wúwo dáadáa. Ẹnu mi ti ń là nígbà tí Fágbàmílà sọ̀rọ̀.

"Jagun, sọ fún bàbá oníbodè pé kò sí owó kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé wọn kiri, ta ló gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀pà lásán, kò lè fi wọ́n rà á."

Òkìtì náà rẹ́rìn-ín, ikán dà sílẹ̀ wììwìì, ó sì là sí méjì kí a lè kọjá. Ohun tí èmi náà fẹ́ sọ nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi. Mo kàn gbé fàdákà yẹn kí n fi wò ó ni. Kí ni ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí?

A bọ́ sí ìlú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tèmi. Níbẹ̀, olúkúlùkù ló ń tẹ owó ti ara rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló sì ń yà sí i lára. Wọ́n jókòó lórí òkè owó tó ga ju òrùlé lọ, ebi sì ti gbẹ wọ́n débi pé a lè ka ìhà wọn láti òkèèrè. Iṣu ń jẹrà nílé ẹnìkan, ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń kú lọ, torí pé kò sẹ́ni tó lè gba owó tí ojú ẹlòmíràn wà lára rẹ̀. Bí owó ẹnìkan bá kan awọ ara ẹlòmíràn, á ké bí ẹni tí iná jó.

Olórí wọn fà mí sí kọ̀rọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Ó ní, "Ọdẹ, kí ni o fẹ́ fi apá ìwé ọkùnrin yẹn ṣe? Mo mọ bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Màá ya ojú ìwọ nìkan sí apá kejì. Kí o dé Ìlú Iyọ̀ ní ìwọ nìkan, kí o padà sílé ní ìwọ nìkan. Orúkọ rẹ nìkan ni wọn á máa pè."

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo ti rí ara mi tí mò ń wọ ìlú, tí ìlú ń pariwo. Mo wá rántí pé àtàǹpàkò ọmọ mi wà nínú àpò Fágbàmílà. Mo ní, "Bàbá, n kò fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ìwé yìí kò pé láìsí tirẹ̀."

Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìyẹn ni gbogbo ìlú dìde sí wa, olúkúlùkù ń na owó rẹ̀, wọ́n ń lọgun pé, "Gba tèmi! Tèmi ni kí o gbà!" Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wá pa. Akèrègbè omi Fágbàmílà fọ́ mọ́ ọn nídìí. Mo wá ki ọwọ́ méjèèjì bọ òkè owó olórí wọn, mo bù ú, mo nà án síwájú bí apata. Wọ́n sá! Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó kan òun. Báyìí ni mo ṣe la ọ̀nà jáde, tí ẹnìkan tí n kò ní í dárúkọ sì rọra ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìlú náà ni igbó tán. Ilẹ̀ funfun ló kù. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ohun púpọ̀, n kò rí irú ìyẹn rí. Funfun lókè, funfun nílẹ̀, tí èèyàn kò mọ ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbé ẹsẹ̀, ilẹ̀ á dún bí àwo. Odò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni omi rẹ̀. Jagun tọ́ ọ wò, ó sì hu. Omi tó wà nínú akèrègbè mi nìkan ló ṣeé mu ní gbogbo ilẹ̀ náà. Mo mu, mo da díẹ̀ sọ́wọ́ fún Jagun, mo sì dí i padà. Fágbàmílà ń wò mí. Ètè rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ gbẹ sí i. Kò rán ajá sí mi. Èmi náà kò rán ajá sí i. Ẹfọ̀n mi kò tí ì kúrò lọ́kàn mi.

A dé Ìlú Iyọ̀. Ògiri wọn ń tàn bíi dígí. Àwọn ọmọ wọn funfun, ara wọn ń dán, àwọn ìyá wọn ń fi agboòrùn bò wọ́n nítorí ìrì. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ohùn wọn ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ṣíbí lu ìgò. A wólẹ̀ fún ọba wọn. Ọba Aláìsunkún ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ ni látòkè délẹ̀, ó mọ́ débi pé mo rí oòrùn láti àyà rẹ̀ já sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sunkún rí láyé rẹ̀, torí pé omijé á yọ́ ojú rẹ̀. N kò lè wò ó pẹ́. Ó dà bí ẹni pé mo dúró síwájú ohun tó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó wà.

Ó ní kí a to ìwé náà pọ̀. A tò ó. Ó fi ìka kan kàn án, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ohùn Ìyá Ẹfúnyẹmí ló kọ́kọ́ jáde, "Èmi, aró." Ohùn Bàbá Gébúrẹ́lì tẹ̀lé e, ó wúkọ́ bó ṣe máa ń wúkọ́. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo Ìdígbó, àkùkọ ń kọ lẹ́yìn ohùn wọn, ẹnìkan ń pe ewúrẹ́ rẹ̀. Ìlú wa kún inú ààfin iyọ̀ yẹn. Mo wá gbọ́ ọ̀kan tó rẹ̀, tó tín-ín-rín, "Òwú ni mo lè ran. Màá ran òwú," ọmọ rẹ̀ sì ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Fágbàmílà ṣí fìlà.

Ohùn tèmi dé. "Èmi Ọdẹ́jìnmí, ẹran ìgbẹ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé yìí wá." Mo gbé orí sókè. Ohùn kan wá jáde lábẹ́ ìyẹn, ohùn tí n kò fi ẹnu sọ, tó jẹ́ ti inú mi. "Àfi Fágbàmílà."

Ohùn Fágbàmílà tẹ̀lé e. "Èmi Fágbàmílà, ẹran ìgbẹ́, fún ẹnikẹ́ni." Ohùn inú tirẹ̀ náà wá jáde lábẹ́ ìyẹn. "Àfi Ọdẹ́jìnmí." Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

Ọba náà ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Ẹ gbé ìwé yín. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń mu odò kan náà, ẹ ti yọ ara yín kúrò nínú rẹ̀. Iwin ni àwa. Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn mi bá gbé e dé ọjà yín, ta ni kò ní í yọ wá kúrò?"

Ojú Ọdẹ́wùmí tó wú ni mò ń rí. Mo fẹ́ ṣubú lulẹ̀ kí n bẹ ọba náà. Fágbàmílà ló bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìwé náà. Ó yíjú sí mi. Kò wo ajá.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí." Ohùn rẹ̀ ń ha bí ewé gbígbẹ. "Ta omi fún mi."

Ẹ ro ó wò o. Omi tó kù kò pọ̀, ilẹ̀ funfun yẹn ni a ó sì tún gbà padà. Mo tú akèrègbè kúrò nídìí mi. Ó wo ẹnu akèrègbè náà, mo sì mọ ohun tó ń rò, torí pé kò sẹ́ni tó mọ oró tí a fi ń kun ọfà tó mi ní gbogbo ilẹ̀ wa. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mu díẹ̀ kó lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Má tọ́ ọ wò. Mo ti fi owó rà á."

Ó na ìwé sí mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó gbé akèrègbè sẹ́nu, ó ń mu, mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Bó ṣe ń mu ni mo ní, "Dúró! Fágbàmílà, ta ìyókù fún mi."

Ó wò mí. Mo na ìwé sí i. Ó gbà á, ó gbé akèrègbè fún mi, mo sì fi ẹnu síbi tí ẹnu rẹ̀ ti kúrò, mo mu ún.

Ìwé náà gbóná ní ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé e sé padà bí ojú egbò tó jinná, aró ara rẹ̀ sì ń tàn. Ohùn gbogbo ìlú tún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí "àfi" kankan nínú rẹ̀. Àwọn iwin dìde. Ọba náà ń wò wá, nǹkan kan sì mì nínú ojú rẹ̀. Omijé kan bọ́. Ó ń yọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó fi ipa jíjìn sílẹ̀, gbogbo ìlú iyọ̀ sì figbe ta. Níbi tó kán sí, iyọ̀ ru sókè, funfun, ó ń tú jáde bí ìgbà tí wọ́n bá ń yan gúgúrú, ó kún ilẹ̀ ààfin.

Ó ní, "Ẹ kó o. N kò sunkún rí. Ẹ má jẹ́ kí n sun ún lásán."

A fi ìwé náà lé ọba lọ́wọ́, àwọn iwin sì gbé wa àti àpò iyọ̀ dé etí igbó ilé. Kí ẹnikẹ́ni tó kí mi, mo ti wọ ilé Ọdẹ́wùmí, mo ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i lórí ahọ́n. Ó rọra lá a. Ó wá ní, "Bàbá mi, ẹ bù sí i." Kí oṣù tó lé, ojú rẹ̀ ti fọ̀, mo tún ń rí ẹyinjú rẹ̀.

Ogun kò tí ì tán nígbà tí ẹni funfun kan láti Ìlú Iyọ̀ wọ ọjà wa lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ìwé ńlá náà lọ́wọ́ rẹ̀. A ti jẹ iyọ̀ tán, kò sì sí ọba ayé tó lè fipá mú wa. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí a lé e. Ẹni funfun náà ń wò yí ká, ó ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó wá dúró níwájú Ọdẹ́wùmí.

Ọmọ mi dìde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Òwú yín ti wà nílẹ̀. Mo ti ń retí yín." Ó gbé òwú tó ti ràn fún un, àtàǹpàkò rẹ̀ sì parẹ́ lára ìwé náà. Ìyá Ẹfúnyẹmí gbé ìkòkò aró wá. Oníṣu ń gbé iṣu bọ̀, aláṣọ ń ká aṣọ. Mo gbé ẹran tèmi kalẹ̀, Fágbàmílà gbé tirẹ̀. Títí dé ẹni tó ní kí a lé e, kò sẹ́ni tí kò mú nǹkan wá. Ìwé náà di funfun láìsí àmì kan lára rẹ̀.

Ẹni funfun náà tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní àárín ọjà. Ó ní, "Iyọ̀ wà nílẹ̀. Ọba ní kí ẹ tún un kọ."

A tún tò. Nígbà tó kàn mí, Fágbàmílà ló wà lẹ́yìn mi, ó ń mí sí mi lọ́rùn. N kò wẹ̀yìn. N kò ní í kí i, n kò sì tí ì kí i títí dòní. Mo ti àtàǹpàkò bọ aró, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, mo sì sọ ọ́ sókè kó lè gbọ́ pé, "Ẹran ìgbẹ́. Fún ẹnikẹ́ni."